Ìwé Orúkọ Tó Wà ní Kóòtù Hayneville

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ṣe jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, orúkọ Martin Luther King ló máa ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà afárá Selma, lẹ́yìn náà ìwọ́de ọlọ́jọ́ márùn-ún tó gba òpópónà 80 lọ sí Montgomery. Ilẹ̀ tí wọ́n rìn kọjá láàárín ìlú méjèèjì kì í sábà lórúkọ nínú ìtàn náà. Káúńtì Lowndes ní ìpínlẹ̀ Alabama ni. Hayneville ni olú ìlú rẹ̀, ìlú kékeré kan tí kóòtù funfun tí wọ́n kọ́ ní 1856 dúró sí àárín rẹ̀. Mo fẹ́ ká rántí kóòtù yẹn, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà ní 1965 hàn kedere níbẹ̀ ju orí afárá lọ. Èrò mi ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ló gbé ìwà ìkà Lowndes ró. Ìwé ló gbé e ró: ìwé àwọn olùdìbò, ìwé àwọn tó lè ṣe júrì, ìwé owó orí ilẹ̀. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà, àwọn ìdílé díẹ̀ ló sì ń pinnu orúkọ tó máa wọ inú wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí kóòtù, a ó rò pé wàhálà ti bá a. Ní ìgbèríko Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòtù káúńtì ni wọ́n ti ń gba ìwé ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún sí, ibẹ̀ ni ẹni tó ń díye lé ilẹ̀ fún owó orí ń jókòó, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ṣẹ́rífù ti lágbára, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káúńtì tí àwọn ará ìlú ń dìbò yàn. Ní Alabama, adájọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún tún ni olórí ètò ìdìbò ní káúńtì rẹ̀. Ẹni tó bá ní kóòtù lọ́wọ́ ní káúńtì lọ́wọ́.

Ọdún 1830 ni wọ́n dá Lowndes sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Muscogee lẹ́yìn ogun 1813 sí 1814. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ni, òwú sì máa ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olóko fi kó ẹrú wá síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà ìkànìyàn 1860, ẹrú lé ní 19,000 nínú nǹkan bí 27,000 ènìyàn tó wà ní káúńtì náà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n kọ́ kóòtù, pẹ̀lú òpó gíga àti àtẹ̀gùn méjì níwájú, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, tí méjèèjì pàdé lókè lẹ́nu ọ̀nà iyàrá ìdájọ́. Ayé òwú ni ayé tí wọ́n kọ́ ọ. Nínú irú ìwé tí kóòtù bẹ́ẹ̀ ń kó pamọ́ nígbà náà, ọmọ ènìyàn wà lára dúkìá: bí ọ̀gá bá kú, orúkọ ẹrú á bọ́ sínú ìwé ogún pẹ̀lú ìbaaka àti ohun èlò oko, iye owó rẹ̀ á sì wà níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1865, àwọn ọkùnrin dúdú dìbò fún ìgbà díẹ̀. Ìwé òfin Alabama ti 1901 ló ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ó béèrè owó orí ìdìbò, dọ́là kan àtààbọ̀ lọ́dún, tí gbèsè rẹ̀ ń gorí ara wọn. Ó béèrè ìmọ̀wé, ó béèrè dúkìá. Nínú àwọn ọkùnrin dúdú tó lé ní 180,000 tó tó ọjọ́ orí ìdìbò ní Alabama, àwọn tí orúkọ wọn ṣẹ́kù nínú ìwé ní 1903 kò pé 3,000. Ní Lowndes, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ń dáko lórí ilẹ̀ olówó, wọ́n sì ń bá a pín irè. Ẹni tó mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ wa, kó má rò pé ohun kan náà ni. Onílẹ̀ ló ń tà wọ́n ní àwìn, òun náà ló ń ṣírò gbèsè lópin ọdún, àgbẹ̀ tó bá sì ní ìṣirò náà kò tọ̀nà kò rí kóòtù tó máa gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n W. E. B. Du Bois lọ ṣe ìwádìí ìgbé ayé àwọn ènìyàn yìí ní Lowndes ní 1906, ìjọba àpapọ̀ ló sì gbé iṣẹ́ náà fún un. Ìjọba náà kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tó yá, wọ́n pa ìwé náà run. Ó dùn mí pé a kò lè kà á lónìí. Ìwé tó ń sọ ẹni tó jẹ gbèsè wà nílẹ̀ digbí, èyí tó fẹ́ sọ bí gbèsè náà ṣe dé ni wọ́n pa run. Ohun tó gba àwọn ìdílé kan là ni ilé ẹ̀kọ́ Calhoun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1892, tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ tiwọn. Onílẹ̀ kò lè lé ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Èyí wá wúlò nígbà tó yá.

Ọmọ Yorùbá kan náà kan ilẹ̀kùn kóòtù ní agbègbè yẹn. Matilda McCrear, tí ìwádìí Hannah Durkin mú ìtàn rẹ̀ jáde ní 2020, wà lára àwọn tí ọkọ̀ akẹ́rú Clotilda kó dé Mobile ní 1860. Ọmọ ọwọ́ ni, nǹkan bí ọdún méjì, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ dé, ilà ojú rẹ̀ kò sì parẹ́. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí kóòtù Selma, ní Káúńtì Dallas tó bá Lowndes pààlà, láti béèrè owó gbà-má-bínú nítorí ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Adájọ́ dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ó kú ní Selma ní 1940. Arúgbó náà mọ ibi tí agbára wà dáadáa. Ohun tí kò sí ni orúkọ rẹ̀, tàbí ti ẹnikẹ́ni tó jọ ọ́, nínú ìwé tó máa mú kí adájọ́ bìkítà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, nǹkan bí 15,000 ènìyàn ló ń gbé ní Lowndes, mẹ́rin nínú márùn-ún wọn sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Àwọn ènìyàn dúdú tó tó dìbò lé ní 5,000, síbẹ̀ kò sí orúkọ ẹyọ ẹnì kan wọn nínú ìwé olùdìbò. Ti àwọn aláwọ̀ funfun ya ni lẹ́nu lọ́nà mìíràn. Níbi tí 100 nínú wọn ti tó dìbò, 118 ló wà nínú ìwé. Orúkọ òkú àti ti ẹni tó ti kó lọ kò kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ àti ìkẹta oṣù nìkan ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì wá gbọ́dọ̀ mú ẹni tó ti wà nínú ìwé dání kó jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, àwọn tó sún mọ́ ogójì, tí John Hulett ṣáájú wọn, lọ sí kóòtù láti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n dá wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún wá ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́, pé ibẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ kó lọ. Inú ilé ẹ̀wọ̀n yẹn ni Hulett àti John C. Lawson, oníwàásù tí ojú rẹ̀ fọ́, ti di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn wọ ìwé olùdìbò Lowndes lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé àwọn ènìyàn dúdú kò nífẹ̀ẹ́ sí ìdìbò ni, pé àìmọ̀wé ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró. Bó bá jẹ́ ìmọ̀wé ni wọ́n ń wá, kí ni ẹlẹ́rìí wà fún, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò sí ènìyàn dúdú kankan nínú ìwé tó lè jẹ́rìí, aláwọ̀ funfun kankan kò sì ní yọjú? Ní ìparí ọdún yẹn, àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ìdílé tó forúkọ sílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn ìdílé náà kó sínú àgọ́ létí òpópónà 80, tọmọtọmọ, nígbà òtútù, wọ́n sì fara dà á níbẹ̀ pẹ́ títí. Ẹni tí ìdìbò kò jọ lójú kò ní sùn sínú àgọ́ nítorí rẹ̀.

Ìwé júrì ló burú jù, òun ni àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń yára fò. Júrì ni àwọn méjìlá tí wọ́n ń yàn láàárín ará ìlú láti sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Adájọ́ kò lè sọ ọ́ fún wọn. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1965, wọ́n yìnbọn pa Viola Liuzzo lórí òpópónà 80 ní Lowndes. Abiyamọ ọlọ́mọ márùn-ún láti Detroit ni, aláwọ̀ funfun, ọkọ̀ rẹ̀ ló fi ń gbé àwọn tó wọ́de padà sílé. Mẹ́rin ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó lé e bá, ọ̀kan nínú wọn, Gary Thomas Rowe, sì jẹ́ olófòófó FBI, nítorí náà ìjọba mọ àwọn tó ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé Collie Leroy Wilkins, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù, wá sí kóòtù Hayneville ní oṣù Karùn-ún. Rowe jẹ́rìí. Ẹnu júrì kò kò, mẹ́wàá ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn tó rọjú, méjì kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, júrì mìíràn ní kó máa lọ sílé.

Láàárín ìgbẹ́jọ́ méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ Jonathan Daniels ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni, ó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà Episcopal, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́fà ní àtìmọ́lé Hayneville nítorí ìwọ́de kan ní Fort Deposit. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, òun àti àwọn mẹ́ta lọ ra nǹkan mímu ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí. Tom Coleman dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Ruby Sales, ọmọbìnrin dúdú ọdún 17, ló nà án sí. Daniels tì í kúrò, ọta ìbọn sì bá òun. Ó kú síbẹ̀. Ìbọn tún ba àlùfáà Richard Morrisroe tó wà pẹ̀lú wọn. Coleman kì í ṣe ọmọ ìta kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó tún ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ bí ọlọ́pàá fún ṣẹ́rífù, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin kan ló sì ń darí ètò ẹ̀kọ́ káúńtì náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò tó ìpànìyàn gidi. Nígbà tí Richmond Flowers, agbẹjọ́rò àgbà Alabama, ta kò ó, adájọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ náà. Ó sì kọ̀ láti sún ìgbẹ́jọ́ síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Morrisroe ṣì wà ní ọsibítù tí kò lè wá jẹ́rìí. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun méjìlá ní Coleman gbèjà ara rẹ̀ ni, kò jẹ̀bi. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú iyàrá yẹn tí kò ti parí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó lè ṣe júrì sílẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe júrì aláwọ̀ funfun náà ló dá Wilkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́bi ní Montgomery ní oṣù Kejìlá 1965, tí adájọ́ Frank Johnson sì sọ wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá? Òun náà ni. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni ti Montgomery, ọ̀pọ̀ káúńtì ló ti ń mú júrì. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò ní padà sílé lálẹ́ lọ bá ṣẹ́rífù Lowndes àti oníṣọ́ọ̀bù Lowndes. Àwọ̀ wọn kò yí padà, ìwé tí wọ́n ti mú orúkọ wọn ló yí padà, èyí sì wà lára ohun tí mo ń sọ. Ìbéèrè kejì le ju ìyẹn lọ. Ní 1966, wọ́n tún gbé Eugene Thomas, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, wá sí Hayneville lórí ikú Liuzzo. Mẹ́jọ nínú júrì náà jẹ́ ènìyàn dúdú, mẹ́rin jẹ́ funfun, wọ́n sì dá a sílẹ̀. N kò fẹ́ fi ìyẹn pamọ́. Rowe kò jẹ́rìí lọ́tẹ̀ yìí, ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí pàtàkì ni wọ́n kó síwájú wọn. Èmi kò sọ pé ìwé orúkọ tó péye yóò máa dá gbogbo apànìyàn lẹ́bi. Mo sọ pé níbi tí kò bá ti péye, ìgbẹ́jọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bí àwọn mẹ́jọ yẹn ṣe dé orí àga júrì ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Gardenia White àti àwọn ará Lowndes mìíràn ló pe àwọn tó ń kọ ìwé júrì lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀. Pauli Murray àti Dorothy Kenyon, obìnrin méjèèjì, wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ní oṣù Kejì 1966, kóòtù ní wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn ènìyàn dúdú kúrò, ó sì fi kún un pé òfin Alabama tí kò jẹ́ kí obìnrin kankan ṣe júrì, ìbáà jẹ́ dúdú ìbáà jẹ́ funfun, lòdì sí ìwé òfin Amẹ́ríkà. Nítorí ẹjọ́ yìí, orúkọ White yẹ kó wà lẹ́nu ọmọdé bí orúkọ afárá Selma ṣe wà.

Àwọn ará Lowndes kò dúró síbẹ̀. Pẹ̀lú Stokely Carmichael àti àwọn ọ̀dọ́ SNCC, ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀ ní káúńtì náà. Wọ́n ń ṣe ìpàdé kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan nínú kóòtù, wọ́n sì tẹ ìwé kékeré alápèjúwe tó fi àwòrán ṣàlàyé ohun tí ṣẹ́rífù ń ṣe àti ohun tí ẹni tó ń díye lé ilẹ̀ ń ṣe, kí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ lè mọ̀ pé òun náà lè dupò. Àmì ìdìbò ṣe pàtàkì fún ìdí kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ìgbà tí àkùkọ NCNC àti ọ̀pẹ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń figa gbága nílẹ̀ wa yóò mọ bó ṣe rí. Àkùkọ funfun ni àmì àwọn Democrat Alabama, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gbé aláwọ̀ funfun ga lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Lowndes mú àmọ̀tẹ́kùn dúdú. Láti ibẹ̀ ni Huey Newton àti Bobby Seale ti yá a fún ẹgbẹ́ tiwọn ní Oakland ní 1966, gbogbo ayé sì gbàgbé pé àmì àwọn àgbẹ̀ tó ń wá ipò nínú kóòtù ìgbèríko ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà wọ́n du ipò méje: ṣẹ́rífù, olùwádìí ikú, ẹni tó ń díye lé ilẹ̀, ẹni tó ń gba owó orí, àti ipò mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní 1970, John Hulett di ṣẹ́rífù.

Àwọn kan á ní òfin ìdìbò tí Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1965 ló ṣe gbogbo rẹ̀. Òfin náà ṣe gudugudu méje: láàárín ọjọ́ díẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti dé Fort Deposit, wọ́n ń kọ orúkọ ènìyàn dúdú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ṣáájú ni àwọn ènìyàn Hulett ti lọ sí kóòtù. Òfin lè fi orúkọ ènìyàn sínú ìwé, kò lè sọ ọ́ di ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹni tó ń gba owó orí, kò sì lè gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó wà nínú àgọ́. Òfin ti wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdánù ní 1966. Ọdún mẹ́rin iṣẹ́ àṣekára ló wà láàárín ìyẹn àti 1970.

Àtakò tó dùn mí jù ni ti òṣì. Hulett ṣe ṣẹ́rífù fún ọdún 22, ó tún di adájọ́ ọ̀rọ̀ ogún lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ Lowndes ṣì wà lára àwọn káúńtì tó tòṣì jù ní Alabama. Amọ̀ ilẹ̀ dúdú tó mú òwú dára kì í fa omi, nítorí náà sọ́kàwéè kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé sì ń da ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìwádìí kan ní 2017 rí àpẹẹrẹ kòkòrò inú nínú ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jù láyé. Catherine Coleman Flowers, ọmọ Lowndes, ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Kí wá ni èrè kóòtù tí wọ́n gbà? Èsì mi ni pé ìwé òfin 1901 ti di ọwọ́ káúńtì mọ́lẹ̀ ṣáájú kí ènìyàn dúdú tó wọlé. Ó fi òté lé owó orí ilẹ̀, ó sì jẹ́ kí káúńtì máa tọrọ àṣẹ ní Montgomery lórí ohun kékeré. Ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ ètò ìlera Alabama ṣe àdéhùn lórí omi ẹ̀gbin Lowndes ní oṣù Karùn-ún 2023. Ní oṣù Kẹrin 2025, ìjọba àpapọ̀ tuntun fagi lé e. Kò sí ẹnì kankan ní Hayneville tó fọwọ́ sí ìfagilé yẹn. Ìwé tó ń pinnu ọ̀rọ̀ wọn ti gòkè lọ sí ibòmíràn, àwọn ará Lowndes sì ń tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Amẹ́ríkà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland. Lẹ́tà kóòtù máa ń dé pé kí ènìyàn wá ṣe júrì, àwọn kan máa ń wá àwáwí, nítorí pé iṣẹ́ ń dúró, owó tí wọ́n ń san kò sì tó nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ju lẹ́tà yẹn nù. Ẹ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tí wọ́n bá sì pè yín láti jókòó pẹ̀lú àwọn mọ́kànlá yòókù, ẹ lọ.